Àwẹ̀ òṣùpá àrànmọ́jú ìyá onílé mi ní Pune: ọjọ́ wo ni, kí ni mo sì lè sè?

Àdùnní Pune · ọjọ́ Ẹtì, 3 Oṣù Kẹwàá 2025

Ẹ kú alẹ́ o, ẹ̀yin ará ilé. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ gbà mí, ọjọ́ Ajé ti sún mọ́lé.

Pune ni mo ti ń kàwé, ní ìpínlẹ̀ Maharashtra ní India, inú ilé ìyá àgbà kan ni mo sì ń gbé. Àjí ni gbogbo àdúgbò ń pè é, bí àwa ṣe ń pe Ìyá Àgbà. Màmá yìí kì í fi àwẹ̀ òṣùpá àrànmọ́jú ṣeré rárá. Purnima ni wọ́n ń pe ọjọ́ náà. Ọmọ rẹ̀ obìnrin wà ní Amẹ́ríkà, oríkèé ọwọ́ sì ń dùn ún, bí mo ṣe di ọmọ ìdáná nìyẹn.

Purnima tó kọjá, 7 Oṣù Kẹsàn-án, mo ba nǹkan jẹ́. Ó ní kí n se sabudana khichdi fún òun. Sabudana yìí, wóró funfun róbótó-róbótó ni. Mo da omi lé e títí ó fi kún àwo, mo gba kíláàsì lọ. Ìgbà tí mo dé tí mo gbé e kaná, gbogbo rẹ̀ lẹ̀ mọ́ra, ó di ìṣù kan ṣoṣo, ó ń fà yọ̀ọ̀ bí ẹ̀kọ́ tí kò jiná. Mo tún bu iyọ̀ inú ọ̀rá sí i, mo rẹ́ àlùbọ́sà sí i kí ó lè ta sánsán. Àjí yọjú wo ìkòkò, ó wo ojú mi, ó rẹ́rìn-ín, ó rọra dé ìdérí padà. Mo ní kí n sáré se òmíràn, ó ní aago kan ti lù, a kò gbọdọ̀ dáná mọ́ nítorí òṣùpá máa ṣókùnkùn lóru. Mílíìkì tí ó ju ewé sí nìkan ni ó mu tí ilẹ̀ fi mọ́. Àyà mi já, torí màmá ní ìtọ̀ ṣúgà, ó sì ń lo oògùn.

Ó ní èyí tó ń bọ̀ yìí, Kojagiri, tóbi ju ti tẹ́lẹ̀ lọ, pé bàbá àlùfáà á wá ka Satyanarayan, ìtàn mímọ́ wọn kan. Kàlẹ́ńdà ara ògiri, Kalnirnay, kọ Purnima sí ọjọ́ Ajé, ó tún kọ ọ́ sí ọjọ́ Ìṣẹ́gun. Fóònù mi ní ọjọ́ Ajé nìkan ni. Èwo ni kí n mú? Kí ni n kò gbọdọ̀ fi sí oúnjẹ? Ó tún ní kí n bá òun gbà á. Ọmọ ìjọ ni mí, n kò mọ èsì tí màá fọ̀.

Ìyá Tóbi · ọjọ́ Ẹtì

Pẹ̀lẹ́ o, ọmọ dáadáa. Ṣé kì í ṣe èyí tí àwọn obìnrin wọn máa ń gba inú asẹ́ wo òṣùpá kí wọ́n tó wo ojú ọkọ? Mo máa ń rí i lórí Zee World. Omi gan-an wọn kì í fi kan ẹnu. Bí màmá bá jẹ́ opó, kí ló tún ń gbà á fún?

Ọmọ Ọ̀fà · ọjọ́ Ẹtì

Ìyá Tóbi, ẹ má bínú, ọ̀nà yẹn kọ́ o. Èyí tí ẹ ń wí ni Karva Chauth. Ọjọ́ kẹrin lẹ́yìn òṣùpá àrànmọ́jú ni wọ́n ń ṣe é, àwọn ará àríwá, Punjab àti Rajasthan àti Uttar Pradesh, ló sì ni ín jù. Fíìmù ló gbé e dé ọ̀dọ̀ yín. Ní Maharashtra, èyí tí àwọn ìyàwó ń gbà fún ẹ̀mí ọkọ ni Vat Purnima, láàárín May sí June: wọ́n á máa wé òwú yí ìdí igi banyan ká. Ẹni tó bá mọ igi ọ̀dán á dá igi náà mọ̀ láìbéèrè. Ṣùgbọ́n Purnima lásán kò ní ti opó tàbí abilékọ nínú. Ọkùnrin ń gbà á, àpọ́n ń gbà á. Vishnu, ọ̀kan nínú àwọn òrìṣà ńlá wọn, ni wọ́n ń gbà á fún, wọ́n á sì da omi fún òṣùpá nígbà tí ó bá yọ.

Àdùnní, mo lo ọdún mọ́kànlá ní Mumbai, ọ̀rọ̀ ọjọ́ méjì yìí dà mí láàmú kí n tó mọ ìdí rẹ̀. Ọjọ́ tí wọ́n ń kà, tithi ni wọ́n ń pè é, kì í ṣe wákàtí mẹ́rìnlélógún. Òṣùpá ni wọ́n fi ń wọ̀n ọ́n: bó bá ti fi dígírì 12 sá síwájú oòrùn, tithi kan ti pé nìyẹn. Ọgbọ̀n irú rẹ̀ ló wà nínú oṣù kan, Purnima sì ni ìkẹẹ̀ẹ́dógún nínú ìdajì tí òṣùpá ń tóbi. Nítorí òṣùpá kì í sáré bákan náà lójoojúmọ́, tithi kan lè gba bíi wákàtí 19, òmíràn lè gba 26. Ó lè bẹ̀rẹ̀ nígbà tí ẹ ń jẹun ọ̀sán.

Ti ọ̀sẹ̀ yìí, díẹ̀ lẹ́yìn aago méjìlá ọ̀sán ọjọ́ Ajé ni ó ń bẹ̀rẹ̀ ní India, aago mẹ́sàn-án kọjá díẹ̀ láàárọ̀ ọjọ́ Ìṣẹ́gun ni ó ń parí. Àwẹ̀ àti Kojagiri ń tẹ̀ lé òṣùpá, ọjọ́ Ajé sì ni òṣùpá máa yọ bá Purnima. Ìwẹ̀ òwúrọ̀ àti ìtọrẹ ń tẹ̀ lé ìgbà tí oòrùn yọ, oòrùn ọjọ́ Ìṣẹ́gun ló sì máa bá a níbẹ̀. Ìdí tí kàlẹ́ńdà fi kọ méjèèjì nìyẹn. Àjí á ti mọ̀; bi í léèrè.

Wàyí o, lọ wo áàpù orí fóònù rẹ. Ìlú wo ló kọ sókè?

Àdùnní Pune · ọjọ́ Ẹtì

Ha! Lagos ló kọ! Láti ilé ni mo ti gbé e wá, n kò yí i padà.

Ọmọ Ọ̀fà · ọjọ́ Ẹtì

Mo ti fura. Èkó fi wákàtí mẹ́rin ààbọ̀ wà lẹ́yìn India. Ní Èkó, kí tithi yẹn tó bẹ̀rẹ̀, oòrùn ọjọ́ Ajé á ti yọ, á sì parí kí ti ọjọ́ Ìṣẹ́gun tó yọ. Kò sí oòrùn kankan tó máa bá a. Áàpù wá fi í sọrí ọjọ́ Ajé nìkan. Yí ìlú náà sí Pune. Ọ̀pọ̀ àwọn India tó wà ní òkè òkun ló ń bá kàlẹ́ńdà ilé gbààwẹ̀ lọ́jọ́ tí kò tọ́ níbi tí wọ́n wà.

Alásè Ìlúpéjú · ọjọ́ Àbámẹ́ta, 4 Oṣù Kẹwàá

Ẹ kú àárọ̀ o. Mo bá ìdílé India kan se oúnjẹ ní Ìlúpéjú fún ọdún mẹ́fà, ará Maharashtra náà ni wọ́n. Ẹ jẹ́ kí n sọ ti sabudana, nítorí èmi náà ti jẹ ìyà rẹ̀.

Àdùnní, ẹ̀gẹ́ ni nǹkan yẹn. Ẹ̀gẹ́ tiwa, gbágùúdá, pákí! Ìlú Salem ní Tamil Nadu ni wọ́n ti ń ṣe é jù. Sítáàṣì inú rẹ̀ ni wọ́n ń yọ, tí wọ́n ń yí di wóró, tí wọ́n á fi iná mú un gbẹ. Bí o bá mọ tapíókà, o ti mọ ọmọ ìyá rẹ̀. Bí o bá sì mọ ìdí tí a kì í fi í da omi lé gàrí kí a wá lọ sí ọjà, o mọ àṣìṣe tí o ṣe.

Bí wọ́n ṣe ń ṣe é nìyí. Fọ̀ ọ́ lẹ́ẹ̀mẹta sí mẹ́rin, máa fi ọwọ́ rà á jẹ́jẹ́ títí omi kò fi ní funfun mọ́. Ìyẹ̀fun ara wóró ló ń mú un lẹ̀. Lẹ́yìn náà, da omi sí i kí ó ṣẹ̀ṣẹ̀ bá orí wóró dọ́gba, má jẹ́ kí ó kọjá ibẹ̀. Dé e mọ́jú. Láàárọ̀, mú wóró kan, fi àtàǹpàkò tẹ̀ ẹ́ mọ́ ìka. Bó bá tẹ́ pẹrẹsẹ láìní egungun nínú, ó ti tó. Bí omi bá ṣẹ́kù, dà á sínú asẹ́ kí ó ro dánu pátápátá.

Yan ẹ̀pà, gún un kí ó má kúnná jù. Kí sabudana tó kan iná ni kí o ti da ẹ̀pà àti iyọ̀ àti ṣúgà ìka mẹ́ta pò mọ́ ọn. Ẹ̀pà ló ń dáàbò bo wóró kí wọ́n má fara kanra. Gbé ghee, bọ́tà yíyọ́ wọn, kaná, da jeera (kúmínì) sí i, ata tútù aláwọ̀ ewé, pòtétò tí o ti sè tí o gé wẹ́wẹ́. Da sabudana lé e, iná kékeré, máa fi ṣíbí yí i láti ìsàlẹ̀. Bó bá ti ń dán bíi gíláàsì, sọ ọ́ kalẹ̀. Má ṣe wọ́n omi sí i. Ẹni tó bá ní kí o wọ́n omi sí i, ọ̀tá rẹ ni.

Àlùbọ́sà àti áyù kò wọ ibẹ̀ rárá. Ìrẹsì, àlìkámà àti gbogbo irú ẹ̀wà, ká má fọwọ́ kàn wọ́n lọ́jọ́ náà.

Nọ́ọ̀sì Leicester · ọjọ́ Àbámẹ́ta

Àwọn Gujarati, ará ìwọ̀ oòrùn India, ló yí mi ká níbí, ọ̀pọ̀ nínú wọn ni òbí wọn sá kúrò ní Uganda lọ́dún 1972. Ìyá tó wà nílé kejì sí tèmi kì í fi iyọ̀ kan ẹnu lọ́jọ́ àwẹ̀. Alásè, ẹ má kọ́ ọmọ yìí ní iyọ̀ o.

Ọ̀rọ̀ ìtọ̀ ṣúgà ló jẹ mí lógún jù. Àdùnní, wo ara páálí oògùn màmá. Bó bá jẹ́ metformin nìkan, ṣúgà kì í sábà já wálẹ̀ lójijì. Bó bá jẹ́ insulin, tàbí oògùn bíi glimepiride àti gliclazide, ebi lè mú kí ṣúgà já débi tí màmá á fi dákú. Kí ẹnikẹ́ni má dín oògùn kù fúnra rẹ̀. Ẹ bi dókítà rẹ̀ kí ọjọ́ Ajé tó dé. Ẹ fi ẹ̀rọ wo ṣúgà rẹ̀ nílé. Bí ó bá lọ sísàlẹ̀ 70, bí wọ́n ṣe ń kà á ní India, àwẹ̀ ti parí nìyẹn, kí ó mu nǹkan dídùn lójú ẹsẹ̀. Òógùn tútù, ọwọ́ gbígbọ̀n, ọ̀rọ̀ tí kò já gaara: má dúró de òṣùpá.

Sabudana náà kò mọ́ lọ́wọ́ bẹ́ẹ̀. Sítáàṣì pọ́nbélé ni, ó máa ń gbé ṣúgà lọ sókè fòò. Kí ó jẹ díẹ̀, kí ẹ̀pà pọ̀ níbẹ̀. Kí ó mu omi.

Alásè Ìlúpéjú · ọjọ́ Àbámẹ́ta

Nọ́ọ̀sì, ẹ ṣé fún ti oògùn, mo dọ̀bálẹ̀. Ti iyọ̀ ni mo fẹ́ dá yín dúró. Iyọ̀ wà, ṣùgbọ́n kì í ṣe ti inú ọ̀rá. Sendha namak ni, iyọ̀ àpáta tí wọ́n ń wà nínú ilẹ̀, ó máa ń pọ́n fẹ́ẹ́rẹ́fẹ́. Ilé tí mo ti ṣiṣẹ́, kọ́bọ́ọ̀dù rẹ̀ lọ́tọ̀ ni.

Nọ́ọ̀sì Leicester · ọjọ́ Àbámẹ́ta

Mo lọ bi màmá ilé kejì. Ó ní òun ló dá jẹ́ ẹ̀jẹ́ àìjẹyọ̀ fúnra òun, pé ọmọ òun ń jẹ sendha. Ẹ jàre mi.

Ọmọ Ọ̀fà · ọjọ́ Àbámẹ́ta

Bó ṣe rí gan-an nìyẹn. Ẹnìkan á gba nirjala, kò ní mu omi. Ẹnìkan á gba phalahar, èso àti mílíìkì àti irú sabudana yìí. Ẹlòmíràn á jẹ ẹ̀ẹ̀kan péré lóòjọ́. Ẹni tí ara rẹ̀ kò yá àti arúgbó kò ní gbèsè, kí Àdùnní fi ìyẹn bẹ Àjí.

Ọ̀rọ̀ kan tó máa ń pa mí lẹ́rìn-ín: ẹ̀gẹ́, ẹ̀pà, pòtétò, ata, gbogbo wọn ló ti ilẹ̀ Amẹ́ríkà wọ India, lẹ́yìn tí àwọn Potogí bẹ̀rẹ̀ sí í na ọkọ̀ ojú omi kiri. Oúnjẹ àwẹ̀ àtayébáyé wá di ti àjèjì tán! Àwọn ìyá àgbà kò ní fẹ́ gbọ́.

Àti ewé inú mílíìkì yẹn: tulsi ni, ìbátan efinrin wa. Ní 7 Oṣù Kẹsàn-án, òjìji ayé bo òṣùpá pátápátá, aago mẹ́wàá alẹ́ ku díẹ̀ ló bẹ̀rẹ̀ ní India. Wọ́n máa ń ka wákàtí mẹ́sàn-án sẹ́yìn kí wọ́n tó dẹ́kun ìdáná. Aago kan ọ̀sán ni ìyẹn bọ́ sí. Tulsi ni wọ́n fi ń dáàbò bo oúnjẹ. Kò sí irú rẹ̀ lọ́tẹ̀ yìí, dáná bó o ṣe fẹ́.

Abú Rọ́fíìá · ọjọ́ Àbámẹ́ta

Salaam. Ọ̀rọ̀ yìí ń dùn mọ́ mi. Àwa náà ń gba àwẹ̀ ọjọ́ funfun, ọjọ́ 13, 14 àti 15 oṣù, nígbà tí òṣùpá bá mọ́lẹ̀ jù. Sùnnà ni, kì í ṣe dandan. Ṣùgbọ́n tiwa, láti ìdájí títí oòrùn fi wọ̀ ni, a kì í dúró de òṣùpá kí a tó ṣínu. Báwo ni wọ́n ṣe ń mọ ìbẹ̀rẹ̀ oṣù tiwọn, ṣé wọ́n ń wo ojú sánmà bíi tiwa ni?

Ọmọ Ọ̀fà · ọjọ́ Àbámẹ́ta

Rárá, Alfa. Ìṣirò ni, wọ́n ti tẹ̀ ẹ́ sínú ìwé kí ọdún tó bẹ̀rẹ̀. Àríwá India ń parí oṣù lọ́jọ́ Purnima, Maharashtra àti gúúsù ń parí rẹ̀ lọ́jọ́ tí òṣùpá kò sí rárá. Ẹ kò ní gbọ́ pé wọ́n ń jà lórí rẹ̀ bíi tiwa lórí Ramadan.

Abú Rọ́fíìá · ọjọ́ Àbámẹ́ta

Ẹ fi wá sílẹ̀ o jàre.

Ajíhìnrere · ọjọ́ Àìkú, 5 Oṣù Kẹwàá

Gbogbo yín ń sọ̀rọ̀ iyọ̀ àti ẹ̀pà, ẹ kò sọ òtítọ́ fún ọmọ yìí. Oúnjẹ tí wọ́n gbé síwájú òrìṣà ni wọ́n máa pín lẹ́yìn ìwé kíkà yẹn. Àdùnní, sè fún màmá, ìrànlọ́wọ́ ni. Má jókòó síbi ìwé kíkà, má sì jẹ ẹ́.

Gaura Ṣógùnlẹ̀ · ọjọ́ Àìkú

Ọmọ Yorùbá ni mí, mo sì ti ń sin Krishna láti ìgbà tí mo wà ní yunifásítì. Ẹ jẹ́ kí n bá wọn sọ ohun tí prasad, oúnjẹ tí wọ́n ń pín yẹn, jẹ́. Lọ́jọ́ Satyanarayan, wọ́n á ro sẹ̀mólínà pẹ̀lú ghee, ṣúgà, mílíìkì àti ọ̀gẹ̀dẹ̀ wẹ́wẹ́, ìwọ̀n kan àti ìdámẹ́rin ni wọ́n ń wọn ìkọ̀ọ̀kan. Wọ́n á gbé e síwájú Vishnu pẹ̀lú tulsi, wọ́n á ka ìtàn náà, orí márùn-ún ni. Nínú rẹ̀, ọmọ oníṣòwò kan, Kalavati, gbọ́ pé ọkọ òun ti dé sí èbúté. Ó sáré dìde láìjẹ prasad. Kí ó tó dé etí omi, ọkọ̀ ti rì pẹ̀lú ọkọ rẹ̀. Ó padà wá jẹ ẹ́, ọkọ̀ sì léfòó. Ìdí nìyẹn tí kò fi dùn mọ́ onílé nínú bí àlejò bá dìde lọ lọ́wọ́ òfo. Àdùnní, bí ẹ̀rí ọkàn rẹ kò bá gbà, sọ fún Àjí ṣáájú, má jẹ́ kí ó di ojú agbo.

Ọmọ Ọ̀fà, ẹ ṣe dáadáa, àfi pé kì í ṣe gbogbo wa la ń gba gbogbo Purnima. Ekadashi, ọjọ́ kọkànlá, ni tiwa. Purnima tí a máa ń gbààwẹ̀ rẹ̀ títí òṣùpá fi yọ ni Gaura Purnima, ọjọ́ kan náà pẹ̀lú ayẹyẹ Holi, nítorí ọjọ́ náà ni wọ́n bí Chaitanya, ẹni mímọ́ wa, ní Bengal lọ́dún 1486.

Ajíhìnrere · ọjọ́ Àìkú

Ọkọ̀ ń rì nítorí sẹ̀mólínà. Mo ti sọ tèmi.

Ìyá Tóbi · ọjọ́ Àìkú

Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má sọ ọ́ di ìjà. Àdùnní, ìwé kò ní kí ọmọ ìjọ má gbààwẹ̀. Gba tìrẹ sí Olúwa rẹ lọ́jọ́ kan náà, kí màmá gba tirẹ̀. Ta ló máa mọ ìyàtọ̀ nínú ikùn? Kí ni wọ́n ń pè ní Kojagiri yìí gan-an?

Ọmọ Ọ̀fà · ọjọ́ Àìkú

Ìyá Tóbi, wọ́n ní Lakshmi, ẹni tó ni ọrọ̀, máa ń rìn kiri lóru yẹn, á máa bi wọ́n pé "Ko jagarti?" Ta ló jí? Ẹni tó bá sùn, ó kọjá ẹnu ọ̀nà rẹ̀. Ó wá bọ́ sí ọjọ́ Ajé lọ́dún yìí, ẹ gbọ́ ná! Ní Pune, orí òrùlé ni wọ́n ń jókòó sí, wọ́n á se mílíìkì pẹ̀lú álímọ́ńdì àti èròjà olóòórùn dídùn, saffron àti cardamom, wọ́n á gbé e sábẹ́ òṣùpá títí wọ́n á fi rí òṣùpá nínú rẹ̀. Ọ̀gànjọ́ ni wọ́n ń mu ún. Àwọn Gujarati tí Nọ́ọ̀sì ń bá gbé, ìrẹsì tí wọ́n tẹ̀ pẹlẹbẹ ni wọ́n ń rẹ sínú tiwọn.

Inú òṣùpá yẹn, ehoro ni wọ́n ń rí o. Àwa ń rí bàbá tó la igi lọ́jọ́ Àìkú.

Àdùnní Pune · ọjọ́ Ìṣẹ́gun, 7 Oṣù Kẹwàá

Ẹ kú àdúrótì, mo dé. Orun ń kùn mí, ẹ fojú fo àṣìkọ.

Mo pe dókítà màmá ní ọjọ́ Àìkú. Glimepiride wà nínú oògùn rẹ̀, Nọ́ọ̀sì, Ọlọ́run á san yín lẹ́san. Dókítà yí ìlò rẹ̀ padà fún ọjọ́ náà, ó ní kí ó jẹun lẹ́ẹ̀mejì, kí ó mu omi. Àjí kọ́kọ́ fajú ro. Mo ní ọmọ rẹ̀ ní Amẹ́ríkà ló rán mi. Irọ́ ni, mo ti jẹ́wọ́ fún un lánàá. Ní aago mẹ́rin ọ̀sán, ṣúgà rẹ̀ jẹ́ 92.

Sabudana! Alásè, wóró kọ̀ọ̀kan dá dúró, ó ń dán bí ìlẹ̀kẹ̀. Àjí mú ọ̀kan sókè, ó yẹ̀ ẹ́ wò lójú fèrèsé, ó pe ìyàwó ilé kejì wá wò ó.

Mo sọ fún un ṣáájú pé màá gbààwẹ̀ sí Olúwa tèmi, pé màá jókòó gbọ́ ìtàn, ṣùgbọ́n n kò ní jẹ prasad. Ó ní kí n gbé tèmi fún ẹni tó ń gbálẹ̀ àdúgbò, pé lọ́wọ́ òfo ni kí n má ṣe dìde. Ohun tí mo ṣe nìyẹn. Ajíhìnrere, bóyá ẹ ó bínú, bóyá ẹ kò ní bínú.

A gùn orí òrùlé. Òṣùpá yọ lẹ́yìn táńkì omi ilé tó dojú kọ wá, Àjí da omi fún un. Nígbà tó di ọ̀gànjọ́, ó bi mí bóyá àkọ́bí ni mí. Mo ní bẹ́ẹ̀ ni. Ó ní àkọ́bí ni ìyá máa ń yẹ́ sí lálẹ́ Kojagiri, pé tòun jìnnà. Ó tan fìtílà kékeré sínú àwo, ó fi yí ojú mi ká, ó fi àmì pupa sí mi níwájú orí. N kò lè sọ̀rọ̀. Mílíìkì ti tutù kí a tó mu ún.

Alásè Ìlúpéjú · ọjọ́ Ìṣẹ́gun

Káre, ọmọ mi! Ẹ̀pà yẹn, ṣé o bó èèpo rẹ̀ kí o tó gún un?

Àdùnní Pune · ọjọ́ Ìṣẹ́gun

Rárá o. Ṣé ó yẹ kí n bó o ni?

Alásè Ìlúpéjú · ọjọ́ Ìṣẹ́gun

Bó o nígbà tó ń bọ̀. Á funfun jù bẹ́ẹ̀ lọ.